Àgbà tó ń gbàgbé kì í ṣe àjẹ́

Ní Tatonnonkon, ní ilẹ̀ Adja-Ouèrè, ìyá àgbà kan lè ti rin ọ̀nà oko kan fún ogójì ọdún, kí ó sì ṣìnà lórí rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ó lè jẹun tán, kí ó ní òun kò tíì jẹun. Bí ó bá wá ń rìn kiri ní òru dé ojúde ẹlòmíràn, àwọn kan á ní àjẹ́ ni. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa fi ìyà jẹ àgbà tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Àrùn ọpọlọ ni. Àwọn Yorùbá ń pè é ní iyè rírà, wọ́n sì ń sọ pé àgbà ń ṣarán. Ní 1906, dókítà Jámánì kan, Alois Alzheimer, ṣàlàyé ohun tí ó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tí iyè rẹ̀ rà kí ó tó kú. Orúkọ dókítà yìí ni a fi ń pe irú àrùn náà tó wọ́pọ̀ jù. Ọpọlọ ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Àrùn yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Àwọn oníṣègùn yẹ àwọn àgbà wò ní Djidja, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ níbí. Ìwádìí náà jáde ní 2009. Nínú àgbà 100 tó ti lé ní ọdún 65, 2 sí 3 ni ó ní i.

Kò tíì sí oògùn tó ń wo àrùn Alzheimer sàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni àrùn yìí. Àìsàn mìíràn, àìjẹun dáadáa, ìbànújẹ́ tó pọ̀ tàbí oògùn tí kò bá ara mu lè da iyè àgbà rú, púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí sì ní ìwòsàn. Nítorí náà, ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí ẹbí kọ́kọ́ mú un lọ. Títọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ní àkókò sì ń dín ewu náà kù.

Nínú ilé, kí ẹnikẹ́ni má bá àgbà bẹ́ẹ̀ jiyàn, kí wọ́n má sì so ó mọ́lẹ̀. Kí wọ́n bá a sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú, kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, bí ẹ̀pà bíbó. Kí wọ́n sọ fún àwọn aládùúgbò, kí wọ́n lè mú un padà wálé bí ó bá ṣìnà. Ọmọbìnrin tàbí ìyàwó ilé kan ṣoṣo ni ó sábà ń tọ́jú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Kí àwọn yòókù máa gbà á sílẹ̀ kí ó lè sinmi.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Kí ẹni tó mọ̀wé kà ka ọ̀rọ̀ yìí fún agbo ilé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó pe ìyá àgbà ní àjẹ́.