Òkè Adó-Àwáyè: ìdí òkè ni kí owó wà, kì í ṣe orí òkè

Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ló yẹ kó wà lọ́kàn àwọn ará Òkè-Ògùn lásìkò yìí tí ojú àwọn ará ìlú ńlá ti ń yí sí agbègbè wọn. Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà Mọníyà lọ sí Ìsẹ́yìn gbọ́dọ̀ mọ́kàn le, nítorí kòtò ibẹ̀ ju títì lọ. Láàárín sáà àkọ́kọ́ Gómìnà Ṣèyí Mákindé ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ọ̀nà náà ṣe, kìlómítà 65. Láti ìgbà náà, kò ṣòro mọ́ kí àwọn ọ̀dọ́ láti Ìbàdàn tàbí Èkó gbéra láàárọ̀ Sátidé, kí wọ́n gun òkè Adó-Àwáyè, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n sì ti padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun tí wọ́n ń wá wò tó ohun tí èèyàn ń wò lóòótọ́. Àtẹ̀gùn òkè náà, tí wọ́n máa ń ka iye rẹ̀ sí 369, kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ẹni tó bá gùn ún dé òkè yóò rí adágún Ìyákẹ́, omi tó jókòó sórí àpáta. Yóò rí òkúta Ìṣàgè tó dúró bí ẹni pé atẹ́gùn díẹ̀ lè taari rẹ̀, síbẹ̀ tí kò ṣubú. Yóò rí ibi tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé, Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run, tí orúkọ rẹ̀ nìkan tó láti mú kí èèyàn rọra tẹlẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú a máa yangàn pé méjì péré ni irú adágún bẹ́ẹ̀ láyé, pé èkejì wà ní Amẹ́ríkà. Bó jẹ́ méjì, bó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti Amẹ́ríkà yẹn ní ẹ̀kọ́ nínú fún Adó.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni èyí: kí ni àlejò náà fi sílẹ̀ kó tó lọ? Owó àbáwọlé, owó amọ̀nà, owó omi inú ike. Kò jẹ àmàlà alẹ́ lọ́wọ́ olóúnjẹ kankan. Kò yalé ẹnikẹ́ni. Kò dé ọ̀dọ̀ ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ Ìsẹ́yìn kò jìnnà sí Adó rárá. Bọ́ọ̀sì tó gbé e wá ló gbé owó rẹ̀ padà.

Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń sọ pé nǹkan tuntun ni kí ìjọba kọ́ síbẹ̀: ọgbà ìṣeré bíi tàwọn òyìnbó, lífítì, ilé ìtura lórí òkè gan-an. Ìlú Orlando ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Bó bá jẹ́ Orlando ni, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ìtàn rẹ̀ tán. Oko ọsàn àti pápá màlúù ló pọ̀ ní agbègbè náà tẹ́lẹ̀. Láàárín 1964 sí 1965, ilé iṣẹ́ Walt Disney bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n sì fi ń rà á. Nígbà tí àṣírí fi máa tú lọ́dún 1965, wọ́n ti kó ilẹ̀ tó tó éékà 27,000 jọ. Kíá ni owó ilẹ̀ fò sókè, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ta tirẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú kò rí nǹkan kan ṣe sí i mọ́. Ọdún 1971 ni wọ́n ṣí ọgbà náà. Láti ìgbà yẹn, wọn kò lè sinmi: bí eré kan bá ti gbó, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé òmíràn jáde kí àlejò má baà lọ síbòmíràn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni ilé iṣẹ́ Universal tún ṣí ọgbà ńlá mìíràn sí ìlú kan náà, èyí tí wọ́n pè ní Epic Universe.

Ta ni yóò máa ná irú owó bẹ́ẹ̀ ní Òkè-Ògùn lọ́dọọdún? Òkè Adó kò ní kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ òun. Ohun tó yẹ kí wọ́n rí kọ́ ní Orlando kò ju méjì lọ. Èkíní, ẹni tó ta ilẹ̀ kó tó mọ iye tó tó, ó ti ta oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Èkejì, kì í ṣe owó eré nìkan ló gbé ìlú náà dúró. Àlejò ń sùn níbẹ̀, ó ń jẹun níbẹ̀, ó ń wọkọ̀ níbẹ̀.

Ní ti adágún èkejì, ìpínlẹ̀ Colorado ló wà, Hanging Lake ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí èrò pọ̀ jù níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ wọn fẹ́ ba ibẹ̀ jẹ́, wọn kò kọ́ ilé ìtura sétí omi. Láti ọdún 2019, wọ́n ṣòfin pé èèyàn 615 ló gbọ́dọ̀ débẹ̀ lójúmọ́, kí kálukú ti sanwó sílẹ̀ kó tó wá. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́ nínú omi náà tàbí kó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní òfin lọ́hùn-ún yìí, èèwọ̀ ni àwọn baba ńlá Yorùbá ń pè é. Ọmọ ìwé tó bá ń fi èèwọ̀ ìdí òkè rẹ́rìn-ín, kó rántí pé àwọn tó ń wò bí ọ̀làjú náà ti ṣe tiwọn.

Lóòótọ́, àwọn kan lè bi í pé báwo ni arúgbó yóò ṣe gun àtẹ̀gùn tó tó báyẹn. Wọ́n lè tọ́ka sí Olúmọ ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n fi lífítì sí nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2006. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n àárín ìlú ńlá ni Olúmọ wà; ọjà àti ilé ìtura yí i ká. Lífítì sì ń fẹ́ iná tí kì í lọ àti ẹni tí yóò máa tún un ṣe. Irin ìdìmú níbi tó léwu, ìjókòó ìsinmi lójú ọ̀nà, ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́ àti omi ẹ̀rọ nísàlẹ̀, ìwọ̀nyí ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Kí àgbà tí kò lè gùn ún rí àga jókòó sí nídìí òkè, kó máa gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn tó ni ìtàn.

Bí àlejò yóò bá sùn, ó gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò wò lọ́jọ́ kejì. Òkè-Ògùn ní i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó wo bí wọ́n ṣe ń hun sányán, àlàárì àti ẹtù ní Ìsẹ́yìn, kó sì ra èyí tó wù ú lọ́wọ́ ẹni tó hun ún. Kó lọ wo ìsédò Ìkẹ̀rẹ̀ lórí odò Ògùn, èyí tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ láyé Ààrẹ Shehu Shagari. Òkè Àṣàbàrí ń bẹ ní Ṣakí, àwọn òkè Ìgbẹ́tì ń bẹ, ibojì àwọn Aláàfin ń bẹ ní Ìgbòho. Igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park, tó di ti ìjọba àpapọ̀ ní 1991, fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú-lóròó, Ọ̀yọ́-Ilé àtijọ́ sì wà nínú rẹ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé olówó orí wọn kì í ṣe ẹnì kan. Igbó ọba àti ìsédò jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Òkè wà lọ́wọ́ ìlú àti ìjọba ìpínlẹ̀. Aṣọ wà lọ́wọ́ ahunṣọ. Àfi kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 10 tó wà ní Òkè-Ògùn, àwọn ọba, àti ìjọba méjèèjì jókòó sórí tábìlì kan. Ètò ààbò ni kí wọ́n sì kọ́kọ́ sọ, torí kò sí ẹni tí í sùn níbi tí ẹ̀rù bá ti ń bà á. Iṣẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn àti ọlọ́pàá wà níbẹ̀, pàápàá lójú ọ̀nà àti létí igbó.

Ọ̀rọ̀ tó kù wà lọ́wọ́ àwọn baálé àti mọ̀lẹ́bí tó ni ilẹ̀. Olówó yóò dé, bó pẹ́ bó yá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn. Kí wọ́n má ta ilẹ̀ ìdí òkè fún un. Kí wọ́n yá a lò fún iye ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé, lójú agbẹjọ́rò. Kí ìwé náà sọ iye tó jẹ́ ti ìlú nínú owó àbáwọlé, kí wọ́n sì máa lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ ògiri ààfin lóṣooṣù, kí aláàárù àti ìyá olóúnjẹ lè kà á. Kí wọ́n gba ọmọ ìlú síṣẹ́ amọ̀nà kí wọ́n tó gba ẹlòmíràn.

Òkè náà kò ní lọ síbì kan. Owó ló ń bá bọ́ọ̀sì padà lọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, òun ni kí wọ́n wá ọ̀nà tí yóò fi sùn.