Jẹ́léósinmi: Ilé Ta Ló Ń Sinmi?

Bí ẹ bá gba Ìyànà-Ìbà kọjá ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ wo ìdí àtẹ àwọn ìyá tó ń ta ata àti ẹja gbígbẹ. Ẹ óò rí ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó jókòó sórí páálí, tó ń fi ìdérí ìgò ṣeré. Gbogbo àwa tí LASU gbé wá sí Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò la mọ̀ wọ́n. Ọwọ́ ìyá wọn la ti ń ra ata.

Jẹ́léósinmi ni Yorùbá ń pe ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà dùn, àmọ́ ó ti tàn wá jẹ. Ó jẹ́ ká rò pé ìsinmi ìyá ni wọ́n ń tà níbẹ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ sinmi, kó sanwó. Ilé ẹni tó lówó ló wá ń sinmi. Ẹni tí kò ní ń gbọ́mọ lọ sọ́jà.

Òfin UBE ti ọdún 2004 ka ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ níbi tó ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tó ti sọ ohun tó di dandan fún ìjọba, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré nìkan ló dárúkọ. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti ọdún 2013 fi ọdún kan kún un fún ọmọ ọdún márùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ṣì wà níta.

Ọmọ ìdí àtẹ àti ọmọ tó ti jẹ́léósinmi aládàáni bọ̀, kíláàsì kìíní kan náà ni wọ́n máa pàdé. Ọ̀kan ti mọ pẹ́ńsù mú, ó ti mọ ìtàn àti orin. Èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì ní kò mọ̀wé.

Ní Ypsilanti, ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1962, wọ́n pín ọmọ 123 láti ilé aláìní sí ọ̀nà méjì: 58 lọ sí jẹ́léósinmi tó dára, 65 kò lọ. Nígbà tí wọ́n pé ẹni ogójì ọdún, àwọn tó lọ ló ń gbowó jù, àwọn ló sì parí sẹ́kọ́ńdìrì jù. Nítòsí wa níhìn-ín, Ghana ti fi ọdún méjì jẹ́léósinmi kún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti ọdún 2007.

Àwọn kan á ní, “Owó dà?” Wọ́n bi Awólọ́wọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Owó-orí tó gùn sókè nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà lára ohun tó jẹ́ kí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fìdí rẹmi nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954 ní Ìwọ̀-Oòrùn. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ilé-ìwé ṣí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa àgbà ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀wé.

Ohun tí mò ń bèèrè kò pọ̀: kíláàsì ọ̀fẹ́ fún ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin nínú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó sún mọ́ ọjà, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀san àti olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́. Ní ti olùkọ́, LASUED tó ń kọ́ wọn kò jìnnà, Ọ̀tọ̀-Ìjànikin níbí ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí olùdíje káńsù bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa, ẹ má béèrè fáànù àti T-shirt. Ẹ bi í pé: níbo ni ọmọ aláta yìí máa wà ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la?