KÁMẸ́RÀ TÓ Ń KA NỌ́ŃBÀ MỌ́TÒ: KÍ ẸGBẸ́ WA TÓ FỌWỌ́ SÍWÈÉ

 

Ìwé kan wà nílẹ̀ tó ń dúró de ọwọ́ ẹgbẹ́ wa. Àwọn ọlọ́pàá àgbègbè wa àti ìgbìmọ̀ ààbò ọjà fẹ́ béèrè owó ìrànwọ́ lọ́dọ̀ Lagos State Security Trust Fund, kí wọ́n fi ra kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà mọ́tò, kí wọ́n gbé e sí ẹnu ọ̀nà ọjà méjèèjì. Wọ́n ní bí ẹgbẹ́ ìyálọ́jà bá bá wọn fọwọ́ sí i, ìwé náà á wúwo ju bí wọ́n bá dá a kọ lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká jọ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé agbe la fẹ́ lọ ṣe. Ọdún 2007, nígbà ìjọba Gómìnà Fáṣọlá, ni wọ́n fi òfin dá àpò owó yẹn sílẹ̀, kí ìjọba, ilé-iṣẹ́ àti ẹni tó bá fẹ́ máa dáwó sí i láti ra irinṣẹ́ fún àwọn agbófinró. Owó ìlú ni, àwa náà sì ń san owó orí. Ẹ̀tọ́ wa ni ká béèrè.

Ṣé kámẹ́rà yìí wúlò? Ó wúlò. Gbogbo wa la mọ ohun tójú aláṣọ kan ti rí láàárín wa níbí. Ó kó báàlì sínú bọ́ọ̀sì ní kùtùkùtù, ó ní kí awakọ̀ dúró kí òun lọ mú ṣéńjì wá, kó tó yíjú padà bọ́ọ̀sì ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tí a dé àgọ́ ọlọ́pàá, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í ni nọ́ńbà mọ́tò. Ta ló ń wo nọ́ńbà mọ́tò nígbà tó ń ka báàlì? Títí dòní, a ò rí aṣọ, a ò rí awakọ̀.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe idán. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 1976. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá, á ya nọ́ńbà rẹ̀, lọ́sàn-án lóru, á sọ àwòrán náà di lẹ́tà àti iye, á wá fi wé ìwé àwọn ọkọ̀ tí ọlọ́pàá ń wá. Bó bá bá a níbẹ̀, á ta wọ́n lólobó lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá bá a níbẹ̀ ńkọ́? Á ṣì kọ ọ́ sílẹ̀ pé mọ́tò báyìí gba ibí kọjá ní aago báyìí. Kò mọ ẹni tó ń wakọ̀ o. Ọ̀kadà tí kò ní nọ́ńbà, kò lè kà á. Olè tó so nọ́ńbà ọlọ́nọ́ńbà mọ́ ọkọ̀ ara rẹ̀, nọ́ńbà ọlọ́nọ́ńbà náà ló máa kà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá jù ni ti owó. Ìwé tí wọ́n gbé wá sọ iye kámẹ́rà, ó sọ iye òpó, kò sọ ẹni tí yóò máa san owó iná, owó íntánẹ́ẹ̀tì àti owó àtúnṣe lẹ́yìn ọdún kìíní. A ti rí irú èyí rí lórílẹ̀-èdè yìí. Lọ́dún 2010 ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ kámẹ́rà ààbò fún ilé-iṣẹ́ ZTE ti ilẹ̀ Ṣáínà ní mílíọ̀nù 470 dọ́là, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó tí a yá lọ́wọ́ báńkì Exim ilẹ̀ Ṣáínà. Kámẹ́rà 2,000 ni wọ́n ní àwọn máa gbé kọ́, 1,000 ní Àbújá, 1,000 ní Èkó níbí. Òpó wà, kámẹ́rà wà lórí òpó, ọ̀pọ̀ wọn ò ríran. Àwọn aṣòfin wádìí rẹ̀ títí, gbèsè ò sì torí ìyẹn dúró. Àwọn àgbà ní ẹ̀bìtì tí kò peku, ṣe ló yẹ kó fi ẹyìn fẹ́lẹ́yìn. Èyí ò peku, kò sì dá ẹyìn wa padà.

Àwọn tó lówó jù wá lọ pàápàá ń bá ìṣirò yìí jà. Ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 2023, ìjọba pín owó tó lé ní mílíọ̀nù 267 dọ́là fún àgbègbè 55 láti fi gbógun ti àwọn tó ń kó ẹgbẹ́ jọ jí ọjà ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi lára owó náà ra kámẹ́rà nọ́ńbà. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nídìí rẹ̀: púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣòwò ẹ̀rọ yìí kì í tà á pátápátá. Wọ́n ń fi yá ni ni, bí ẹni gba ṣọ́ọ̀bù, ọdọọdún ni owó kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ń wọlé fún wọn. Owó ìrànwọ́ ní ọjọ́ tó máa parí, owó ọdọọdún ò parí. Bó bá di ọjọ́ yẹn nínú ọjà wa, ta ni wọ́n máa wá bá? Ẹnì kan ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ká bu owó lé ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. A ti gbọ́ o, kò sì sí nínú ohun tí ẹgbẹ́ jókòó lé lórí.

Ọ̀rọ̀ kejì, ta ni wọ́n máa fi kámẹ́rà yìí mú? Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n jí àti ọkọ̀ tí wọ́n fi jalè, a wà lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún kó gbogbo ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ ti kọjá ọjọ́ sínú rẹ̀, a jẹ́ pé gbogbo tírélà tòmátì àti iṣu tó ń ti òkè Ọya bọ̀ ni wọ́n máa dá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Àwọn awakọ̀ yìí ti sanwó lọ́nà kí wọ́n tó débí. Bí wọ́n bá tún san òmíràn lẹ́nu ọjà, orí apẹ̀rẹ̀ tòmátì ló máa já sí. Alátà, ẹ mọ ohun tí à ń wí.

Ẹ̀rọ yìí sì ń ṣini mú. Ní Aurora, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Colorado, lóṣù kẹjọ ọdún 2020, àwọn ọlọ́pàá na ìbọn sí obìnrin kan àti ọmọbìnrin mẹ́rin tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n dojú bolẹ̀ lórí ọ̀dà. Wọ́n ní ọkọ̀ jíjí ni. Àṣé alùpùpù kan láti ìpínlẹ̀ Montana ni wọ́n ń wá, tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti obìnrin yìí mu! Mọ́tò àti alùpùpù, ẹ̀yin ẹ wò ó. Lọ́dún 2024 ìlú náà gbà láti san mílíọ̀nù 1.9 dọ́là fún wọn. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí kọsítọ́mà wa níbí, ta ló máa sanwó?

Wọ́n tún máa ń fi ohun tó wà nídìí owó pa mọ́. Ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2010, wọ́n gbé kámẹ́rà tó lé ní 200 sí Sparkbrook àti Washwood Heath, níbi tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí. Wọ́n ní nítorí ọ̀daràn ni. Ẹ̀yìn ni àṣírí tú pé owó náà, bíi mílíọ̀nù 3 pọ́n-ùn, inú àpò tí wọ́n fi ń gbógun ti apániláyà ló ti jáde. Ará àdúgbò ò gbà. Wọ́n fi ọ̀rá bo àwọn kámẹ́rà náà, nígbà tó di 2011 wọ́n tú wọn kúrò.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn ìwé ìròyìn yìí ni pé kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe wà yìí. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé àpò owó náà tàbí ìjọba ni yóò máa san owó ìtọ́jú, ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Kí wọ́n kọ irú ọkọ̀ tí wọ́n máa fi sínú ìwé àwọn tí wọ́n ń wá. Ọlọ́pàá tí ẹ̀rọ bá ta lólobó gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ wo nọ́ńbà, irú mọ́tò àti àwọ̀ rẹ̀ kó tó dá ẹnikẹ́ni dúró. Ní ti àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ tí wọn ò wá, ìpínlẹ̀ New Hampshire l'Amẹ́ríkà ní kí wọ́n pa tiwọn rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́jú tiwọn tó ọdún kan. Àwa ò bá wọn jà lórí iye ọjọ́, kó ṣáà wà lákọsílẹ̀, torí a ti ní òfin ààbò ìwífún láti ọdún 2023. Kí wọ́n sì máa jábọ̀ fún ẹgbẹ́ lóṣooṣù: ọkọ̀ mélòó ni wọ́n dá dúró, mélòó ló já sí òótọ́.

Ohun kan tún kù tí ọ̀pọ̀ ò rò. Bí ẹ̀rọ bá ké tí kò sí epo nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, olè á ti dé Ṣàgámù. A fẹ́ kí owó epo wà nínú ìwé náà pẹ̀lú.

Ìwé ọ̀hún wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kó lọ bá a ní ọ́fíìsì. Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, wọn yóò kà á sókè ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, DPO náà yóò sì wà níjokòó. Ẹ mú ìbéèrè yín wá, ẹ má fi ránṣẹ́ sí wa.