Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ra Adójútòfò Ìlera, Kó Kọ́kọ́ Wo Ìwé Owó Ilé-Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Nígbà tí ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba bá pé ọdún 18, tẹbí-tọ̀rẹ́ a máa bá a yọ̀ pé ó ti di àgbà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rántí ni pé ìgbà náà gan-an ni ẹ̀tọ́ ọmọ náà ń parí lórí káàdì ìlera òbí rẹ̀. Ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọdún 2005 wà fún òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ bíbí inú rẹ̀ mẹ́rin tí wọn kò tíì pé ọdún 18. Òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ tó ti dàgbà ṣì wà níbẹ̀ ní láti san àfikún owó. Ní ti ọmọ àgbẹ̀, ọmọ oníṣòwò àti ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní irú káàdì bẹ́ẹ̀ rí.

Àkókò yìí kan náà ni àwọn ọmọ ń fi ilé sílẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí wọ́n ń gbé yàrá tí èrò kún, tí ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n, tí wọ́n sì ń jẹun níbi tí owó wọn bá ká. Bí àìsàn ńlá bá dé, ohun tó sábà máa ń tẹ̀lé e ni kí àwọn ẹlẹgbẹ́ máa gbé àpótí láti kíláàsì dé kíláàsì, kí wọ́n máa tọrọ owó iṣẹ́ abẹ. Àánú wọn dára, ṣùgbọ́n àánú kì í ṣe ètò. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera. Òfin náà kò yọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe ohun tí òfin wí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ni ìwé owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní TISHIP, tí ìjọba àpapọ̀ là kalẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga nìkan. Níbi tí wọ́n bá ti ń lò ó, owó rẹ̀ wà lára owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san lọ́dọọdún. Ilé ìwòsàn inú ọgbà ni yóò kọ́kọ́ lọ. Bí àìsàn náà bá ju agbára wọn lọ, wọn yóò kọ̀wé lé e lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ilé-iṣẹ́ adójútòfò yóò sì san owó ìtọ́jú náà. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ti san owó yìí lè tún fi owó oúnjẹ ra òmíràn.

Àwọn kan á ní kò sí ohun tí ètò náà ń ṣe fún wọn: èrò pọ̀ níbẹ̀, oògùn kì í sí, ẹni tó bá sì ṣàìsàn nígbà ìsinmi kò mọ ibi tí yóò gbà. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ ni ìbéèrè náà tọ́ sí. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá gba owó ìlera gbọ́dọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní nọ́ńbà rẹ̀, kó sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó o, kó sì kọ orúkọ àwọn ilé ìwòsàn tó lè lọ sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó forúkọ sílẹ̀. Owó tí a gbà láì sọ ohun tó wà fún, owó orí lásán ni.

Níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá ti ní irú ètò yìí, ètò ìjọba ìpínlẹ̀ ló yẹ kó tẹ̀lé e. Nígbà tí Ìlera Èkó bẹ̀rẹ̀, 8,500 náírà lẹnì kan ń san fún ọdún kan gbáko. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògùn náà ní tiwọn, ìjọba àpapọ̀ sì ní GIFSHIP fún ẹni tó bá fẹ́ dá forúkọ sílẹ̀. Iye owó a máa yí padà, nítorí náà ọ́fíìsì wọn ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti béèrè rẹ̀, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀rẹ́.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó ṣáájú owó sísan. Èkíní, ilé ìwòsàn wo ni, ṣé ó sì súnmọ́ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn? Ètò ìpínlẹ̀ a máa so mọ́ ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ náà. Káàdì tí wọ́n gbà ní Abẹ́òkúta lè má wúlò fún ẹni tó ń kàwé ní Adó-Èkìtì. Èkejì, àìsàn wo ni kò sí nínú rẹ̀? Ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ wá orúkọ àìsàn tirẹ̀ nínú ìwé àdéhùn kó tó sanwó. Ẹ̀kẹta, ìgbà wo ni ìtọ́jú yóò bẹ̀rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ètò ló ní iye ọ̀sẹ̀ tí ẹni tuntun gbọ́dọ̀ fi dúró. Ẹni tó dúró di ọjọ́ tí ibà gbé e dè kó tó forúkọ sílẹ̀ ti pẹ́ jù.

Ọjà ọ̀pọ̀ tí kò wúlò lọ́jọ́ ìṣòro, ọ̀wọ́n ni. Káàdì tó rọ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn ni èyí tí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lóru. Kí àwọn òbí béèrè nípa rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń béèrè nípa yàrá tí ọmọ yóò gbé. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà sì béèrè ní gbangba lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ: owó ìlera tí ẹ gbà lọ́dún yìí, ilé ìwòsàn wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀?