Ẹja Yẹn Kò Pa Ara Rẹ̀

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan níbí ní London fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Firefish wọn ni, ó ti gbẹ bí èèpo igi lórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: "Àbúrò, èyí náà tún ti pa ara rẹ̀ o."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹja kì í pa ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló pa á. Mo sọ fún wọn lórí fóònù, wọ́n bínú, ni mo bá kúkú wá kọ ọ́ síbí, torí pé wọn kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. "Ó pa ara rẹ̀" ti di àwáwí gbogbo àwa tá à ń sin ẹja òkun nínú táǹkì onígíláàsì. (Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ Yorùbá ń sunkún ẹja tí kò tó fi jẹ ẹ̀bà, kó tètè ṣe é, ká lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ.)

Ẹ wo ẹja ọ̀hún ná. Kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà 9 lọ. Iwájú rẹ̀ funfun, apá ìrù rẹ̀ pupa bí iná, lẹbẹ kan sì yọ sókè lẹ́yìn rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ lára fìlà olóyè, tó máa ń jù síwá sẹ́yìn. Láti etíkun Ìlà-oòrùn Áfíríkà títí dé Hawaii ló wà nínú òkun. Ẹ̀gbẹ́ iyùn, níbi tí yanrìn wà, ló ń gbé. Á dojú kọ ìṣàn omi, á máa ṣa àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí omi bá gbé kọjá jẹ. Ihò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Òjìji lásán bá kọjá, fìrì, ó ti wọlé. Gbogbo ọgbọ́n tó ní láyé nìyẹn: kó sá.

Onísọ́ọ̀bù wá ní "peaceful" ni, ẹja jẹ́jẹ́. Òótọ́ ni, kì í yọ ẹlòmíì lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé ẹlòmíì ò ní í yọ òun lẹ́nu? Ọmọ jẹ́jẹ́ lẹ̀ ń mú lọ sáàárín ìpáǹle yẹn! Ẹ̀gbọ́n mi jù ú sáàárín damselfish mẹ́ta tó ti fi ọdún kan pín gbogbo ihò inú òkúta láàárín ara wọn. Ó sá wọ ihò àkọ́kọ́, wọ́n lé e jáde. Ó sá sí ìkejì, bákan náà. Ibo ló kù? Òkè. Òkè sì rèé, táǹkì ò lọ́mọrí.

Wọ́n ní ọmọrí máa ba ẹwà táǹkì jẹ́. Haba! Ìkòkò ọbẹ̀ tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò níyẹ̀ẹ́, a ń dé e. Ta ló tiẹ̀ ní kí ẹ fi pákó bò ó? Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ ni, ìmọ́lẹ̀ ń kọjá, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Kí ẹ sì dí àyè tí páìpù gbà wọlé, torí ẹja yìí tín-ín-rín, á bá ibẹ̀ jáde.

Ti pé kí èèyàn ra mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ńkọ́, nítorí pé wọ́n kéré? Nínú òkun, wọ́n sábà máa ń jẹ́ méjì méjì nínú ihò kan. Nínú táǹkì kékeré, àwọn ẹni jẹ́jẹ́ yìí á máa lé ara wọn títí yóò fi ku ẹyọ kan tàbí méjì.

Ohun tó dùn mí jù ni èyí tí ẹ̀gbọ́n sọ gbẹ̀yìn: "Mélòó ni? Màá ra òmíì." Ọ̀pọ̀ jù lọ firefish tá à ń rà, inú òkun ni wọ́n ti kó wọn. Ẹnì kan ló wọ inú omi lọ ní Indonesia tàbí Philippines. Láti àwọn ọdún 1960 làwọn kan ní Philippines sì ti ń fọ́n sáyánáìdì sínú iyùn kí ẹja lè dákú, kó rọrùn láti mú. Òfin lòdì sí i, kò tíì tán. Májèlé yẹn ń pa iyùn tó jẹ́ ilé ẹja. Gbogbo wàhálà yẹn, kó lè wá gbẹ sórí kápẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ máa ka èyí. Ẹ dá àwọn damselfish yẹn padà. Ẹ wọn ojú táǹkì, ẹ ra àwọ̀n, èmi fúnra mi á wá bá yín gbé e lé e. Tí ẹ bá padà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n fún ẹja náà lóúnjẹ lójú yín, kó jẹ ẹ́, kí ẹ tó sanwó. Títí dìgbà yẹn, ẹ má pè mí wá wo firefish kankan.