Bí Ohùn Bá Já Nínú Òjò, Má Rán Ọmọ Gun Páànù

 

Nínú ààwẹ̀ kan tó bọ́ sí àkókò òjò, mo wà nílé ọ̀rẹ́ mi kan. Ó kù díẹ̀ kí a ṣínu. Apá rédíò tó wà nínú dẹ̀kódà ni a fi ń gbọ́ kíké Kùránì. Òjò dé, ohùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ọ̀rọ̀ kan á wọlé, méjì á sọnù, títí gbogbo rẹ̀ fi dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó ní, "Lọ bá wa yí díìṣì yẹn díẹ̀." Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Mànàmáná ń kọ, páànù tutù, ó sì ń yọ̀. Ìyá ọmọ ló figbe ta pé kò níí lọ.

Ìyá náà ló jàre. Mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ ìdí rẹ̀.

Sátẹ́láìtì tó ń fún wa ní ohùn wà lókè agbedeméjì ayé, ó jìnnà sí ilẹ̀ tó nǹkan bíi 36,000 kìlómítà. Bí ayé ṣe ń yí ni òun náà ń yí, ìdí nìyẹn tó fi dà bí ẹni pé ó dúró lójú kan. Ìgbì tó bá ti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ dé kì í lágbára mọ́. Ọ̀pọ̀ díìṣì kékeré ló ń lo ìgbì tí wọ́n ń pè ní Ku, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5. Òjò ńlá máa ń gbé lára rẹ̀ mì, á sì tú ìyókù ká. Ìgbì C gùn jù ú lọ, ó tó sẹ̀ǹtímítà 7.5, òjò kì í sì fi bẹ́ẹ̀ dí i. Ìdí nìyẹn tí díìṣì ràgàjì ayé àtijọ́ fi máa ń sọ̀rọ̀ lọ nínú òjò.

Nítorí náà, díìṣì kò kúrò níbi tó wà. Bí òjò bá dá, ohùn á padà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá yí i nínú òjò, ohun tí kò bàjẹ́ ló ń bà jẹ́. Bí díìṣì bá yà ní dígírì méjì péré, ó lè má rí sátẹ́láìtì náà mọ́, kódà bí oòrùn bá ń ràn. Owó oníṣẹ́ ló kù tí ẹ máa san.

Mo tún ti gbọ́ táwọn kan ń sọ pé àwọn ọ̀tá ẹ̀sìn ló ń dí wáàsí lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rù Ọlọ́hun. Bọ́ọ̀lù àti orin tó wà lórí sátẹ́láìtì kan náà, ṣebí wọ́n já pọ̀ ni? Kò yẹ kí Mùsùlùmí fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni láìní ẹ̀rí.

Bí ohùn bá ń já nígbà tí òjò kò rọ̀, ẹ wò ó bóyá igi máńgòrò ti hù dí ojú díìṣì, bóyá omi ti wọ ibi tí wáyà ti so pọ̀, tàbí ìjì ti mì í. Ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀sán àti òru bá fẹ́ dọ́gba, oòrùn máa ń bọ́ sẹ́yìn sátẹ́láìtì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́, èyí náà ń dá ohùn dúró. Ojú ọjọ́ tó gbẹ ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì pe ẹni tó mọṣẹ́.

Ẹnìkan lè ní, "Wáàsí yẹn kò ní dúró dè wá." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a lè tún wáàsí gbọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí wà.

Bákan náà, ẹ má fi ìrun pípè orí díìṣì ṣínu. Ohùn rẹ̀ máa ń pẹ́ dé, ó sì lè jẹ́ ti ìlú mìíràn. Oòrùn ti ń wọ̀ ní Maiduguri kó tó wọ̀ ní Èkó. Mọ́sáláṣí àdúgbò yín ni kí ẹ tẹ́tí sí.

Ní ọdún 1998, ilé iṣẹ́ WorldSpace rán sátẹ́láìtì AfriStar sókè, kí rédíò lè máa ti òfuurufú dé Áfíríkà tààrà. Ní ọdún 2008, gbèsè wọ ilé iṣẹ́ náà lọ́rùn. Nígbà tó yá, ohùn dákẹ́, rédíò tí àwọn ènìyàn fowó rà kò sì rí i gbà mọ́. Ohun tó wá láti òkè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe tiwa. Ohun tí ọmọ wa bá há sórí ni tiwa.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọbìnrin ilé náà ló ṣí Kùránì, ó ń ké e fún wa títí a fi ṣínu. Òjò kò dá a dúró.

Kí Ọlọ́hun Ọba ṣọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó fún wa ní ìmọ̀ àti sùúrù. Àmín.