Processor wọ ihò, kò ṣiṣẹ́: ẹ lé akátá lọ ná

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìjà ni mo bá wá lónìí o. Ìgbàkigbà tí ẹnìkan bá ní òun ra processor Xeon àlòkù, òun fi sínú kọ̀ǹpútà ilé, kò ṣiṣẹ́, èsì kan náà lẹ máa ń fún un: "Ìwọ lo ò wádìí kó o tó rà á." Mi ò gbà. Ẹ jẹ́ ká lé akátá lọ ná, ká tó bá adìẹ wí.

Lọ́dún 2013, Intel gbé Xeon E3-1230 v3 jáde. Core mẹ́rin, thread mẹ́jọ, bíi ti Core i7-4770. Socket kan náà ni wọ́n ń lò, LGA1150. Tẹ́ ẹ bá ti ní motherboard H81 tàbí B85 lásán, tí BIOS rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n, ẹ fi síbẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ sì kéré sí ti i7. Mẹ̀kúnnù rí nǹkan jẹ níbẹ̀.

Nígbà tó di 2015, E3-1230 v5 dé. LGA1151 ni socket rẹ̀, èyí tí Core i5 àti i7 ìgbà náà ń lò gan-an. Ẹ gbé e sórí Z170 tàbí H110, á jókòó pẹ̀sẹ̀. Ẹ wá tẹ bọ́tìnì: fáànù lè máa yí, àmọ́ kọ̀ǹpútà ò ní bẹ̀rẹ̀. Intel ti pinnu pé àfi chipset C232 tàbí C236.

Àwọn kan á ní ọjà server yàtọ̀ sí ọjà ilé. Mo gbọ́. Ṣebí v3 ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù ilé, kò sẹ́ni tó kú? AMD náà gbé EPYC 4004 jáde ní 2024, ti server ni, síbẹ̀ socket AM5 ló ń lò, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù ilé tí BIOS rẹ̀ bá mọ̀ ọ́n. Ó ṣeé ṣe nìyẹn. Bí Intel bá fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, kó yí ihò padà, kójú rí i. Èèyàn kì í gbẹ́ ihò kan náà fún nǹkan méjì, kó wá máa bú ẹni tó gba ojú ara rẹ̀ gbọ́.

Ta ló ń jìyà ẹ̀? Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá. Àwa tá à ń ra àlòkù ní òkè òkun níbí ni, àtàwọn tá à ń fi ránṣẹ́ sí nílé.

Torí náà, kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín:

Ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀ dé ìdí. v3 kì í ṣe v5.

Ẹ wo àkójọ processor tí ẹni tó ṣe motherboard yín kọ sórí ìkànnì rẹ̀, àti BIOS tó béèrè. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má rà á.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwòrán. E3-1230 ò ní graphics tirẹ̀, ẹ ó nílò káàdì. E3-1245 ní in.

RAM RDIMM tí wọ́n yọ lára server, kò ní ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù ilé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tà á, ẹ má kọ "LGA1151" nìkan sára ọjà. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé kò ní ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù ilé lásán. Tẹ́ ẹ bá mọ̀, tẹ́ ẹ ò sọ, ẹ̀yin náà wà lára akátá.